Òwú Sányán Lẹ́yìn Kẹ̀kẹ́ Ẹfúnwùmí

Bí ẹ bá dé Ìsẹ́yìn láàárọ̀, tí ẹ gba ẹ̀bá ìlú níbi tí ilé ti ń dín, tí ẹ sì rí obìnrin kan tó wé gèlè rẹ̀ pinpin, tó wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró, tó ń tẹ kẹ̀kẹ́ ológeere bọ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ òwú lẹ́yìn, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹfúnwùmí ni. Ẹ ṣáà yà fún un lọ́nà, nítorí pé bíréèkì kẹ̀kẹ́ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn, òun fúnra rẹ̀ kò sì fẹ́ràn kó máa dúró.

Ó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún dáadáa, ó sì ń gbé ní abà kan tó tó ibùsọ̀ mẹ́ta sí ìlú. Ibẹ̀ kò jìnnà débi tí ènìyàn á fi pe ara rẹ̀ ní ará oko, kò sì sún mọ́ ìlú débi tí ènìyàn á fi máa fẹsẹ̀ rìn ín lójoojúmọ́ kí orúnkún má fẹjọ́ sùn. Láti ìgbà tí pẹtiróòlù ti di ohun tí à ń rà bí ẹni ra oògùn, àwọn ọlọ́kadà ojú ọ̀nà yẹn kì í dárúkọ owó bí ènìyàn mọ́. Bí wọ́n bá yanu, ẹ ó rò pé alùpùpù gan-an ni wọ́n fẹ́ tà fún yín. Àwọn ará abà yòókù a kùn, wọn a san án, wọn a tún kùn. Ẹfúnwùmí ní tirẹ̀ a fọwọ́ tẹ táyà wò, a gun kẹ̀kẹ́, ó di ìlú. Kí ẹni tó ń kùn tó rí ọ̀kadà, ìyá ti dé ọ̀hún, ó ti kí gbogbo ènìyàn tán.

Kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mùílì ọkọ rẹ̀, tó ń gbin àgbàdo àti ọkà bàbà, ló fi ń lọ sóko. Nígbà tí Mùílì kú, ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, àwọn ẹbí ní kó ta kẹ̀kẹ́ náà, kó kó lọ sọ́dọ̀ Ramlah ọmọ rẹ̀ ní Èkó, kó lọ máa bá a tọ́jú ọmọ. Ẹfúnwùmí ní òun gbọ́. Gbígbọ́ tó gbọ́ náà ni pé, lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó ti kẹ̀kẹ́ lọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Ó ṣubú títí àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹko níbẹ̀ kò fi gbójú sókè mọ́ bí wọ́n bá gbọ́ gbì. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín. Àwọn ọkùnrin ní kò bójú mu, wọ́n ní kí ni opó ń wá lórí kẹ̀kẹ́. Oṣù kejì ló gun kẹ̀kẹ́ wọ ìlú, orúnkún méjèèjì bó, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ náà, wọn kò pa á. Ẹ jẹ́ ká pa á fún un níbí.

Iṣẹ́ tó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣe nìyí. Ní Ìsẹ́yìn, gbogbo ayé ló mọ ẹni tó ń hun aṣọ òfì. Ẹni tó tún òwú ṣe kó tó dé orí òfì, wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ní láti fọ òwú náà, kó rẹ ẹ́ sínú ògì kó lè le, kó sá a sóòrùn, kó wá ká a mọ́ ara agolo tí a fi igi gún láàárín, kí agolo náà lè máa yí geere bí ahunṣọ bá ń fa òwú. Àwọn obìnrin ló ń ṣe é, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń ṣe é fún ahunṣọ kan ṣoṣo tó bá wà nítòsí ilé wọn. Ẹfúnwùmí ń gba ti ahunṣọ mẹ́rin ní àdúgbò mẹ́rin, nítorí pé kẹ̀kẹ́ ń bẹ, àyè àti oòrùn sì pọ̀ ní abà rẹ̀, níbi tí kò ti sí eruku ọkọ̀. Iṣẹ́ náà ló ń bọ́ ọ lábẹ́ òrùlé tí ọkọ rẹ̀ kọ́, láìdi ẹrù sí ọmọ lọ́rùn. Ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Bí òwú bá ti ọwọ́ rẹ̀ dé, ahunṣọ kì í wá orí rẹ̀. Á ti fa orí òwú náà jáde ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹni tó fẹ́ lò ó kàn na ọwọ́ mú un. Ọ̀wọ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Àwọn mìíràn kì í yọ ara wọn lẹ́nu dé ibẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò gbà fún un ni Bàbá Abọ́dúnrìn. Bàbá yìí ni olórí àtíbàbà ńlá kan lẹ́bàá mọ́sáláṣí, níbi tí ahunṣọ mẹ́sàn-án ti ń jókòó hunṣọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni gbogbo ahunṣọ ìlú ń tẹ̀ lé. Ọdún mẹ́fà ni Ẹfúnwùmí fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dán òun wò. Èsì kan náà ló ń gbà.

"Ìyá Ramlah, o káre. Ṣùgbọ́n òwú tèmi kì í gun kẹ̀kẹ́."

Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún yìí, tí ọyẹ́ ń fẹ́, ọwọ́ ìyá arúgbó tó ń tún òwú ṣe fún bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò lè ká òwú mọ́. Àsìkò yẹn gan-an ni Àpọ́nlé, olùkọ́ kan láti Ṣakí, gbé òwú sányán dé. Ìyá Àpọ́nlé ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ran òwú náà nígbà tó wà lọ́mọge, láti ara ilé tí kòkòrò inú igbó ń kọ́ sára igi. Ó fi í pamọ́ sínú àpótí, ó ń sọ lọ́dọọdún pé òun ó fi hun ìró kan, kò sì hun ún títí ó fi kú lọ́dún tó kọjá. Àpọ́nlé fẹ́ kí wọ́n hun ìró náà báyìí. Kò mọ ẹni tó lè ran irú òwú bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí èyí bá ṣègbé, ó tán nìyẹn.

Ni Bàbá Abọ́dúnrìn bá ránṣẹ́ pe Ẹfúnwùmí, kò sì fi ìfẹ́ pè é.

"Ọwọ́ rẹ dára, mi ò lè purọ́," ó ní. "Kẹ̀kẹ́ rẹ ni mi ò fọkàn tán. Gba òwú yìí. Bó bá padà dé bó ṣe yẹ, gbogbo òwú àtíbàbà yìí di tìrẹ. Bó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, màá sọ fún àwọn mẹ́rin tó ń gbéṣẹ́ fún ọ náà kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Má sì fi ọ̀rá wé e o. Sányán ò fẹ́ ooru ọ̀rá."

Ẹfúnwùmí kúnlẹ̀ gba òwú náà. Ó mọ ohun tó wà nílẹ̀. Bí iṣẹ́ ahunṣọ mẹ́rin bá bọ́, abà bọ́ nìyẹn, yàrá ẹ̀yìn ilé ọkọ Ramlah ní Èkó ló kù, níbi tí kò ti ní rí ibi gun kẹ̀kẹ́ sí.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi bá òwú náà jókòó. Ó fọ̀ ọ́, ó rẹ ẹ́ sínú ògì tó ṣàn, ó sá a, ó yọ ìdọ̀tí ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ká gbogbo rẹ̀ mọ́ agolo ńlá kan ṣoṣo, nítorí pé kò fẹ́ gé e lójú kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó gbé kẹ̀kẹ́ ti igi ọsàn wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó gbé agolo náà dúró sínú apẹ̀rẹ̀ lórí káríà, igi tó gún un láàárín sì wà níbẹ̀ dáadáa. Ó fa orí òwú jáde bí ìṣe rẹ̀. Àwọn òwú yòókù, ọ̀rá tó máa ń fi wé wọn ló ń di orí wọn mú. Lónìí kò sí ọ̀rá. Ọ̀rọ̀ yìí kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Ó fa kẹ̀kẹ́ kúrò lára igi, ẹ̀gún ọsàn wẹ́wẹ́ mú orí òwú náà, ìyá gun kẹ̀kẹ́, ó ń lọ.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ká ní aláìmọ̀kan ni, tó kàn kó òwú sínú àpò bí ẹni kó ẹ̀gẹ́, kò sóhun tí ì bá ṣe é. Mímọ̀-ọ́n-ṣe rẹ̀ gan-an ló fà á.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni Ẹfúnwùmí máa ń gbà, èyí tó la oko kajú kọjá, tó wọ inú pápá tí igi èmì wà káàkiri, tó sọdá odò kékeré kan, tó wá yọ sí ẹ̀bá ìlú. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ń gbà á láàárọ̀ ọyẹ́. Ọjọ́ náà, òun tí kì í dúró, ó rọra ń wa kẹ̀kẹ́ bí ẹni gbé ẹyin. Ó ń yà fún kòtò, ó ń yà fún gbòǹgbò. Ó gbọ́ tí nǹkan ń dún ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ṣéènì ń fẹ́ òróró. Inú rẹ̀ dùn. Ó ti ń ronú ibi tí yóò sá òwú ahunṣọ mẹ́tàlá sí.

Samsudeen, fọganáísà tó ń lẹ táyà níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ náà ti yọ sí ìlú, ló kọ́kọ́ rí i. Ó ju irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyá Ramlah! Ẹ dúró o! Kí lẹ ń tú sílẹ̀ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn?"

Ẹfúnwùmí fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, ó wẹ̀yìn. Agolo náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níhòòhò. Láti inú apẹ̀rẹ̀, okùn tín-ínrín kan sọ̀ kalẹ̀, ó sùn sórí ilẹ̀, ó sì ń dán nínú oòrùn àárọ̀ lọ títí, ó yí pẹ̀lú gbogbo ibi tí ọ̀nà bá yí. Kò já. Agolo ń yí, òwú ń sùn kalẹ̀ jẹ́ẹ́, ohunkóhun kò sì fà á. Ibùsọ̀ mẹ́ta gbáko ni òwú òkú olókùú nà sílẹ̀ nínú pápá.

Ó jókòó sílẹ̀ lórí yẹ̀pẹ̀ níbẹ̀. Samsudeen ò rí i rí kó jókòó sílẹ̀.

"Ó dáa náà, kò já," Samsudeen ní. "Ẹ kàn máa ká a padà ni."

"Aago mélòó ló lù?"

"Mẹ́jọ ti kọjá díẹ̀."

Ẹfúnwùmí dìde fùú. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ni Gìdádò darandaran máa ń da màlúù kọjá lójú ọ̀nà yẹn, lẹ́bàá odò, kí wọ́n lè mu omi tó kù kí oòrùn tó mú. Màlúù bí ọgọ́ta. Ojoojúmọ́ ló ń kí i níbẹ̀. Pátákò màlúù ọgọ́ta lórí sányán, kò sí kíká mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Kò sì lè gba ọ̀nà ẹsẹ̀ náà padà, nítorí pé òwú ló sùn sórí rẹ̀. Ọ̀nà náà kò fẹ̀ ju táyà lọ. Títì ọlọ́dà nìkan ló kù. Títì náà yí gba orí òkè kan, lẹ́yìn náà ni ènìyàn á wá ya sí ọ̀nà tí àwọn oníyanrìn ń gbà lọ sódò. Bí ó bá gba ibẹ̀, ìrìn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

"Samsudeen, gba agolo yìí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ọ̀nà yìí wọlé."

"Ẹ jẹ́ n pe ọlọ́kadà fún yín."

Ìyá ti lọ. Ibi tí wọn yóò ti máa pe ọlọ́kadà, tí ọlọ́kadà yóò máa wá epo, òun kò ní àkókò rẹ̀. Samsudeen gbé táyà ọkọ̀ àtijọ́ mẹ́ta dí ẹnu ọ̀nà ẹsẹ̀ náà, ó jókòó lórí ọ̀kan pẹ̀lú agolo lẹ́sẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń pariwo.

Ká sọ òótọ́, ó yẹ kí gbogbo Ìsẹ́yìn jáde wo Ẹfúnwùmí lórí títì lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ àjàgbé ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìjì wọn ń tì í sínú koríko, ó ń padà sójú ọ̀nà. Ọyẹ́ gbẹ ọ̀fun rẹ̀ débi pé kò lè gbé itọ́ mì. Nígbà tó dé ibi tí òkè ti ga, ibi tí àwọn géńdé ọkùnrin ti ń sọ̀ kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ wọn, kò sọ̀. Ó dìde dúró lórí pẹ́dà, ó fi gbogbo ara tẹ ọ̀tún, ó fi gbogbo ara tẹ òsì, gèlè tú, ó ká a sọ́rùn. Kì í ṣe ọmọdé. Àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì, orúnkún tó ti bó nígbà kan ń ké. Ó ń sọ fún kẹ̀kẹ́ náà pé, "Má ṣe mí báyìí, má ṣe mí báyìí." Nígbà tó gun òkè tán, tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí geere lọ sísàlẹ̀, kò tẹ bíréèkì rárá, kò kúkú ṣiṣẹ́.

Ó wọ ọ̀nà oníyanrìn, yanrìn gbé táyà mì, ó gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, ó sáré. Bó ṣe yọ sódò, màlúù ti dé. Méje tó ṣíwájú ti kọjá lójú ọ̀nà náà.

"Gìdádò! Jọ̀ọ́, dá wọn dúró!"

Gìdádò yíjú, ẹnu sì yà á láti rí i láti ọ̀nà tí kì í gbà. "Màmá kẹ̀kẹ́, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n."

"Wo ilẹ̀! Wo ilẹ̀, ọmọ mi!"

Gìdádò wo ilẹ̀. Ó rí òwú tó ń dán, ó rí ibi tó ti já lábẹ́ pátákò. Kò béèrè ìbéèrè kejì. Ó súfèé kan, ó na ọ̀pá síwájú wọn, ó sì bọ́ sáàárín àwọn màlúù rẹ̀, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀, ó ń fi àyà tì wọ́n padà. Ó gba nǹkan díẹ̀ kí wọ́n tó gbà. Ó wá darí wọn gba ìsàlẹ̀ odò, níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ kò dé. Lẹ́yìn náà, ó padà wá, ó lóṣòó ti Ẹfúnwùmí, wọ́n sì jọ ń ṣa òwú kúrò nínú ẹrẹ̀ gbígbẹ. Ó ti já sí ọ̀nà mẹ́sàn-án. Gìdádò ní òun ó dúró ti ìyókù títí ìyá yóò fi ká a dé ibẹ̀, ó sì dúró lóòótọ́, òun tí màlúù rẹ̀ ń dúró dè.

Ẹfúnwùmí gun kẹ̀kẹ́ padà sọ́dọ̀ Samsudeen, ó gbé e sílẹ̀ fún un, ó gba agolo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó ń tẹ̀, ó ń ká. Ó ń tẹ̀, ó ń ká. Ó tó ọdún mélòó tó ti fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn gbẹ̀yìn? Ọdún mẹ́jọ ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń ro, àtàǹpàkò rẹ̀ sì là nínú ọyẹ́. Ibi tó bá já, á ta á ní kókó kékeré tí àwọn tó mọṣẹ́ ń ta, á fi eyín gé etí rẹ̀. Ewúrẹ́ ti já méjì mìíràn nínú oko kajú. Gbogbo rẹ̀ di mọ́kànlá. Bí ó ti ń ká a lọ lọ́wọ́ báyìí, ó tún ń kan àwọn kókó mìíràn tí kì í ṣe tirẹ̀, èyí tí ìyá Àpọ́nlé ta nígbà tí òwú já mọ́ ọn lọ́wọ́ láyé ọjọ́un. Wọ́n pọ̀. Ó ya Ẹfúnwùmí lẹ́nu bí ọwọ́ obìnrin náà ṣe jọ ti òun. Nígbà tó yọ orí òwú kúrò lẹ́nu ẹ̀gún ọsàn wẹ́wẹ́, ó mu omi, kò jẹun, ó sì tún fẹsẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà náà padà sí ìlú. Wọ́n ti kí ìrun ọ̀sán tán kó tó dé ọ̀dọ̀ Samsudeen.

Samsudeen ti fẹ́ táyà fún un, ó ti fi òróró sí ṣéènì. Ó fa ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ gbọ́, Ìyá Ramlah. Kókó yẹn, ojú ò lè rí i. Bàbá kò ní mọ̀ láéláé. Ẹ ṣáà ní táyà ló jò, pé ọ̀dọ̀ mi lẹ wà láti àárọ̀. Èmi náà á jẹ́rìí sí i."

Ẹfúnwùmí wò ó tìfẹ́tìfẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó so orí òwú mọ́ agolo, ó sì gun kẹ̀kẹ́. Ká má parọ́, ó rò ó. Láti ibẹ̀ dé mọ́sáláṣí, kò ro nǹkan mìíràn. Ó rí yàrá Èkó lójú ara rẹ̀ kedere.

Bàbá Abọ́dúnrìn jókòó sídìí òfì tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀. Àpọ́nlé, tó ti ti Ṣakí dé láti àárọ̀ kí ó lè rí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, jókòó sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti kọ́rẹ́. Àwọn ahunṣọ mẹ́sàn-án wo eruku tó bo ìyá láti orí dé ẹsẹ̀.

Ẹfúnwùmí kúnlẹ̀, ó gbé agolo náà síwájú bàbá.

"Òwú náà rèé, Bàbá. Ó tú sílẹ̀ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi láti ilé mi dé ìlú. Màlúù tẹ̀ ẹ́. Mo ti ká a padà. Kókó mọ́kànlá ni mo ta sí i."

Bàbá Abọ́dúnrìn ń wo agolo.

"Ta ló rí ọ?"

"Samsudeen fọganáísà, àti Gìdádò darandaran."

"Àwọn yẹn ì bá sọ fún mi?"

"Rárá, Bàbá."

"Kí ló dé tí o fi wá sọ ọ́?"

"Òwú òkú ni, Bàbá. Mi ò lè parọ́ mọ́ ọn."

Bàbá gbé agolo náà sórí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa òwú gba àárín ìka méjì. Àwọn ahunṣọ mọ ìka yẹn. Wọ́n ní ó ń rí ohun tí ojú kò rí. Ó fà á, ó dúró.

"Kókó rèé. Tìrẹ ni?"

"Rárá, Bàbá. Màmá tó ran án ló ta á."

Ó tún fà á. "Èyí ńkọ́?"

"Ti wọn náà ni."

Ó fà á pẹ́ díẹ̀, ó tún dúró. Lọ́tẹ̀ yìí kò béèrè. "Èyí gan-an, ọwọ́ àtijọ́ nìyí. Ó dá mi lójú."

"Tèmi nìyẹn, Bàbá."

Ọ̀kan nínú àwọn ahunṣọ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Bàbá Abọ́dúnrìn tẹ kókó náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó gbé agolo náà fún Àpọ́nlé.

"Òwú ìyá rẹ ni, ọmọ mi. Ìwọ lo lẹ́jọ́."

Àpọ́nlé gbé agolo náà mọ́ àyà. Ó wo ọwọ́ Ẹfúnwùmí, ó wo àtàǹpàkò tó là.

"Màmá, ṣé gbogbo rẹ̀ pátá lẹ fọwọ́ ká?"

"Láti ọ̀dọ̀ fọganáísà dé ẹnu ọ̀nà mi. Kò síbi tí ìka mi ò kàn. Ẹ forí jì mí."

"Èmi tí wọ́n bí, òkè rẹ̀ nìkan ni mo fọwọ́ kàn rí," Àpọ́nlé ní. "Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, màmá mi nìkan ló fọwọ́ kan gbogbo òwú yìí. Àfi ẹ̀yin báyìí." Ó nu ojú. "Bàbá, ẹ bá mi hun ún. Ẹ má yọ kókó kankan."

Bàbá Abọ́dúnrìn mi orí, ó rọra dìde kúrò nídìí òfì, ó wo àwọn ahunṣọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ń wo kí ni? Ẹ kó òwú yín jáde fún Ìyá Ramlah."

Wọ́n kó o jáde. Pupa ń bẹ níbẹ̀, aró ń bẹ, funfun ń bẹ. Apẹ̀rẹ̀ kún, wọ́n di ìyókù sórí káríà, ẹrù náà ga ju ẹ̀yìn ìyá lọ, ó sì ń fì sọ́tùn-ún sósì. Ẹfúnwùmí gbìyànjú láti gùn ún lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ fẹ́ ṣubú. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Ẹsẹ̀ ti ń ro ó láti àárọ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó fẹ́ kúkú máa tì í lọ sílé.

Ni Bàbá Abọ́dúnrìn bá jáde láti abẹ́ àtíbàbà láìwọ bàtà. Ó bọ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá káríà mú, ó sì tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa.

"Gùn ún," ó ní. "Mo ti dì í mú."